Owó fún VA ni àbí káàdì dókítà àdáni?

VA ni iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń tọ́jú àwọn ológun tó ti fẹ̀yìntì. Ní 2014 àṣírí tú ní ọsibítù VA tó wà ní Phoenix, Arizona, pé lísìtì ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n ń kọ orúkọ àwọn ológun tó ń dúró de dókítà sí, àwọn kan kú kó tó kàn wọ́n. Ó dùn mí wọra. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti di ìjà olóṣèlú l'Amẹ́ríkà.

Sẹ́nétọ̀ Bernie Sanders àtàwọn Dẹ́mókíráàtì ní ká gba dókítà àti nọ́ọ̀sì sí i sí ọsibítù VA fúnra ẹ̀, Sẹ́nétọ̀ John McCain àtàwọn Rìpọ́blíkà ní ká fún àwọn ológun náà ní káàdì, kí wọ́n lọ gba ìtọ́jú síta lọ́dọ̀ dókítà àdáni, kí ìjọba sanwó ẹ̀. Òfin tí Obama fọwọ́ sí lóṣù August mú níbí mú lọ́hùn-ún: $10 bílíọ̀nù fún ìta, $5 bílíọ̀nù fún VA, ẹni tó bá ń gbé níbi tó ju máìlì 40 lọ tàbí tó máa dúró ju ọjọ́ 30 lọ ló lè jáde. Òfin MISSION Act tí Trump fọwọ́ sí ní 2018 ló wá ṣílẹ̀kùn ìtọ́jú ìta gbayawu.

Èmi o, VA ni mo fara mọ́ jù, torí wọ́n mọ ọgbẹ́ ogun, ẹni tó ń tún ẹsẹ̀ àtọwọ́dá bàbá kan ṣe àtẹni tó ń gbọ́ àlá burúkú ẹ̀, abẹ́ òrùlé kan náà ni wọ́n wà. Ṣùgbọ́n bàbá tó ń wakọ̀ nínú yìnyín Montana fún wákàtí mẹ́ta torí ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́? Káàdì ló tọ́ sí irú wọn. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé tówó bá ń jáde síta ṣáá, VA ò ní rówó gba nọ́ọ̀sì, ìlà á tún gùn, wọ́n á wá ní ṣé ẹ rí i pé VA ò wúlò.