Ọ́ìlì 5W-30 nínú Corolla 2005: láti Iléṣà dé òkè Ẹ̀fọ̀n

Bí ẹ bá dé ìsọ̀ àwọn tó ń ta ohun èlò mọ́tò ní Iléṣà tí ẹ ní ọ́ìlì lẹ fẹ́ rà, 20W-50, èyí tó ki, ni wọ́n máa kọ́kọ́ nawọ́ sí. Wọn ò ní béèrè irú ẹnjìnì tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì yín. Corolla 2005 ni tèmi, tọ́kúnbọ̀ láti Amẹ́ríkà, ẹnjìnì 1ZZ-FE ló wà nínú rẹ̀. Ó ti lé lọ́dún kan báyìí tí mo ti ń da Mobil 1 5W-30 sí i, síńtẹ́tíìkì pọ́ńbélé, ìyẹn ọ́ìlì tí wọ́n fi ìmọ̀ kẹ́míkà ṣe. Aṣọ ni mò ń tà, nítorí náà ọ̀nà Àkúrẹ́ àti ọ̀nà Èkìtì ni mọ́tò náà mọ̀ jù, tòun ti ẹrù lẹ́yìn. Lójú tèmi, ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yìí ló bá ẹnjìnì náà mu, oòrùn ilẹ̀ wa ò sì yí ìyẹn padà.

Mẹkáníìkì mi ò gbà. "Mọ́mì, èyí ti fẹ́lẹ́ jù. Ilẹ̀ òyìnbó ni wọ́n ṣe é fún. Ooru tibí á sọ ọ́ di omi." Ó mọṣẹ́ o, mi ò ní tìtorí ìyẹn fi í sílẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ ooru yẹn wò dáadáa, torí òun ni gbogbo wọn máa ń sọ.

Kì í ṣe oòrùn ló ń pinnu bí ẹnjìnì ṣe máa gbóná tó. Tẹmosítáàtì ni, ìyẹn fáfù kékeré tó ń sé omi mọ́ inú ẹnjìnì títí yóò fi gbóná tó. Ti 1ZZ-FE máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ní nǹkan bí 80 sí 84°C. Bó bá ti ṣí, omi á máa gba inú rédíétọ̀ kọjá láti tutù. Ìdí nìyẹn tí ẹnjìnì tó ń ṣiṣẹ́ ní Iléṣà àti èyí tó ń ṣiṣẹ́ ní Chicago kì í fi í jìnnà síra nínú gbígbóná, bí kò bá sí ohun tó ṣe èyíkéyìí nínú wọn. Ṣùgbọ́n kí là ń ṣe níbí? Bí mọ́tò bá hó lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n á yọ tẹmosítáàtì sọ nù, wọ́n á ní kò wúlò nílẹ̀ wa. Ẹnjìnì á wá máa pẹ́ kó tó gbóná, á máa mu epo bẹntiróòlù, omi tó ń rá pálá wọ inú ọ́ìlì ò sì ní rí ooru tó máa gbé e lọ. Ẹni tí wọ́n bá ti yọ tiẹ̀, kó ra òmíràn sí i kó tó máa náwó sórí síńtẹ́tíìkì.

Nọ́ńbà tó ṣáájú W ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ń ṣàn tó nínú òtútù. Níbi òtútù tó lọ sísàlẹ̀ òdo dé 30°C ni wọ́n ti ń dán 5W wò. Ti 20W jẹ́ 15°C nísàlẹ̀ òdo. Ọyẹ́ Iléṣà ò lè dé ibẹ̀ láéláé. Síbẹ̀, ẹ wo epo pupa láàárọ̀ ọyẹ́, bó ṣe máa ń dì nínú ìgò tí ẹ máa fẹ́rẹ̀ẹ́ yá iná sí i kó tó dà. Ọ́ìlì tó ki kì í dì tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn jọra: láàárọ̀ tí mọ́tò ti sùn mọ́jú, 20W-50 ki ju 5W-30 lọ ní ìlọ́po méjì ó lé, ó sì gbọ́dọ̀ gun òkè láti ìsàlẹ̀ ẹnjìnì kó tó dé ibi tí irin ti ń fara gbo irin.

Nọ́ńbà kejì, ní 100°C ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Lórí cSt, ìyẹn òṣùwọ̀n bí ọ́ìlì ṣe ki tó, 30 máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 9.3, kì í dé 12.5, 50 máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 16.3. Àwọn ihò tí ọ́ìlì ń gbà nínú ẹnjìnì VVT-i bíi tèmi tẹ́ẹ́rẹ́, ọ́ìlì yìí kan náà ló sì ń ti ẹ̀rọ tó ń yí àsìkò fáfù padà. 30 ni wọ́n fi sọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ wo ìdérí ibi tí ẹ ń da ọ́ìlì sí: wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ síbẹ̀.

Ohun tí mo rí rèé. Ariwo ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ tí ẹnjìnì máa ń pa láàárọ̀ kò ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ mọ́. Bí mo bá ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè pẹ̀lú ẹrù aṣọ, ẹsẹ̀ mi ò wúwo lórí ohun tí à ń tẹ̀ fún eré bíi tàtẹ̀yìnwá. Iná ọ́ìlì ò tàn rí, àní nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Ní ti epo bẹntiróòlù, ìyàtọ̀ wà, ó kéré. Ẹni tó bá ní yóò gé owó epo yín sí méjì, ẹ sá fún un.

Àléébù rẹ̀ náà wà. Ó wọ́n, ọmọ Òṣómàáló sì ni mí, owó ń dùn mí. Lẹ́yìn tí mo dà á sí i, gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹnjìnì tó ti gan látijọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jò, mo sì ní láti pààrọ̀ rẹ̀. Ọ́ìlì ò bà á jẹ́ o, ó kàn tú u fó ni.

Kì í ṣe gbogbo mọ́tò ni mo ń bá wí. Àwọn ẹnjìnì 1ZZ tí wọ́n ṣe ṣáájú 2002 lókìkí nínú jíjẹ ọ́ìlì; bí tiyín bá ń jẹ ẹ́, 5W-30 olówó ńlá kò ní wò ó sàn. Ẹ lo 10W-40 tí kò wọ́n títí ẹ ó fi tún ẹnjìnì ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ṣì ń wa Mercedes 124 àtijọ́, 15W-40 ni mo ní kó máa lò, ó sì dára fún un. Ọ̀pọ̀ Toyota tuntun ní tiwọn, 0W-20 ni wọ́n kọ sí wọn lórí.

Lítà 3.7 ni Corolla tèmi ń gbà pẹ̀lú fíltà tuntun, nítorí náà kẹ́ẹ̀gì lítà 4 tó o. Kò gbọdọ̀ ju kìlómítà 8,000 tàbí oṣù 6 lọ kí n tó pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ wò ó bóyá API SP wà lára kẹ́ẹ̀gì, ìyẹn àmì ìwọ̀n dídára ọ́ìlì tó jáde ní 2020, kí ẹ sì rí i pé ìdérí rẹ̀ kò tíì ṣí rí, torí ayédèrú pọ̀. Bí wọ́n bá ti dà á tán, ẹ gba kẹ́ẹ̀gì yín, ẹ fi ọ̀bẹ gún un. Inú mẹkáníìkì mi ò dùn sí ìyẹn, ó ní ẹnì kan máa ń wá ra òfìfo rẹ̀ lọ́wọ́ òun. Mo ní kó jẹ́ kí onítọ̀hún wá rí mi.