Rọ́bà omi gbígbóná tí mo rà ní Wàndó, ó ti lo ọyẹ́ méjì lọ́wọ́ mi

Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọyẹ́ ti fẹ́ dé, ìyẹn ni mo ṣe ní kí n tètè sọ ọ̀rọ̀ rọ́bà tí wọ́n ń bu omi gbígbóná sí yìí, bouillotte làwọn ará fàmásì ń pè é. Fàmásì kan lẹ́bàá ọjà Wàndó ni mo ti rà á, 4,500 fránkì, pupa ni, ó ní ìlà-ìlà lára, ó ti lo ọyẹ́ méjì lọ́wọ́ mi kò sì tíì jò.

Ọmọ ọdún 54 ni mí, SC sì ni ẹ̀jẹ̀ mi. Drépano náà nìyẹn, fòníkú-fọ̀ladìde. Nígbà tí mo wà ní kékeré àbíkú ni wọ́n ń pè mí torí pé ẹ̀gbọ́n mi méjì ti lọ kí wọ́n tó bí mi, wọ́n sín gbẹ́rẹ́ fún mi títí, ìgbà tí mo lóyún àkọ́bí ni wọ́n tó ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní électrophorèse fún mi tá a wá mọ̀ pé òbí mi kan ló fún mi ní S, èkejì fún mi ní C, bẹ́ẹ̀ ara àwọn méjèèjì le koko. Wọ́n ti sọ fún ìyá mi pé mi ò ní dàgbà. Mo dàgbà o, àmọ́ ìrora náà bá mi dàgbà ni.

Ìbàdí ọ̀tún ló ń yọ mí lẹ́nu jù. Dókítà ní sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ wa máa ń tẹ̀ bíi dòjé, á wá há sójú ọ̀nà tín-ín-rín, ẹ̀jẹ̀ ò ní dé orí egungun itan dáadáa, egungun ọ̀hún á sì máa kú díẹ̀díẹ̀. Òtútù máa ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀, ooru ló ń tú u sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò kí ń jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbé yìnyín lé mi níbi tó ń dùn mí.

Tómi bá hó, mo máa ń gbé e sílẹ̀ kó rọlẹ̀ díẹ̀, torí omi híhó máa ń ba rọ́bà jẹ́, awọ ara àgbà náà ò sì nípọn mọ́. Mo máa bù ú kọjá ìdajì díẹ̀, mo máa tẹ ikùn ẹ̀ títí omi á fi yọ lẹ́nu ẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè jáde, kí n tó dé e, kí n wá dorí ẹ̀ kodò lórí abọ́. Bó bá kán ẹyọ kan péré, mo máa tún un dé. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri, oṣù kẹta ló ya níbi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀, omi dà sí mi lẹ́sẹ̀ lóru, egbò yẹn lé lóṣù méjì kó tó jiná, ẹni tó bá ní drépano á mọ bí egbò ẹsẹ̀ ṣe ń ṣe wá.

Àléébù tèyí ò pọ̀. Ó rùn fún bí ọ̀sẹ̀ kan, aṣọ tó bá a wá sì fẹ́lẹ́ jù, mo ti fi ìró ògbólógbòó rán òmíì fún un, ooru ẹ̀ wá ń pẹ́ tó wákàtí mẹ́ta.

Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, rọ́bà kì í ṣe dókítà o. Bí ibà bá dé, tàbí àyà ń dunni, tàbí èémí ò já gaara, lópítà ni kẹ́ ẹ kọrí sí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ má dùbúlẹ̀ ti rọ́bà. Ẹ má sì máa gbé oògùn ìrora ibuprofen mì bí ẹ̀pà, kíndìnrín wa ò lágbára ẹ̀ bá a ṣe ń dàgbà. Àwa SC sì rèé, ojú wa gan-an ni ká máa ṣọ́, ó lè máa bà jẹ́ lábẹ́nú kéèyàn ṣì máa ríran kedere, ọdọọdún ni mo ń lọ jẹ́ kí wọ́n yẹ tèmi wò. Omi mímu náà, igò mi ò kí ń kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tí n bá ń lọ sí Ìfàngní pàápàá.

Ẹni tó bá fẹ́ rà á, bí wọn ò bá ní èyí tó ní aṣọ, ẹ mú èyí tó wà, ẹ rán aṣọ tiẹ̀ sí i. Ìdérí ẹ̀ ni kẹ́ ẹ yí wò dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó, kó wọ̀ ṣinṣin.