Àyẹ̀wò TimeSlips: ìtàn tí àwọn àgbà jọ ń hun

Anne Basting dá TimeSlips, ọ̀nà tí àwọn èèyàn ń gbà jọ hun ìtàn láti inú àwòrán, sílẹ̀ l'Amẹ́ríkà ní 1998, fún àwọn àgbà tí iyè wọn ti ń ra, tí àwọn èèyàn kì í fẹ́ bá sọ̀rọ̀ mọ́. Ó dára gan-an.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó yípo. Ẹ gbé àwòrán kan tó ṣàjèjì síwájú wọn, kí ẹ wá béèrè pé: "Kí ni ká pe ẹni yìí? Níbo ló ń lọ?" Gbogbo ìdáhùn ni kí ẹ kọ bó ṣe jáde lẹ́nu, ì báà jẹ́ orin tàbí ìró lásán. Ẹ máa kà á sókè lóòrèkóòrè, kí okùn ìtàn má baà já mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹni méjì ló yẹ kó darí rẹ̀: ọ̀kan á máa béèrè, èkejì á máa kọ.

Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni "Ṣé ẹ rántí?" Ẹni tí kò rántí á dákẹ́, ojú á sì tì í. Ẹ má lo àwòrán ẹbí wọn náà, torí ó ní ìdáhùn tí wọ́n lè ṣì.

Fún àwọn tó ń dá gbé, Islands of Milwaukee, iṣẹ́ mìíràn tí Basting ṣe nílùú Milwaukee, ló wù mí jù: àwọn tó ń gbé oúnjẹ lọ sílé àwọn àgbà ló máa ń mú káàdì ìbéèrè lọ fún wọn nígbà náà.