Àpótí Atọpa Ìrìn Ọkọ̀ àti Ojú Ọ̀nà: Bó Ṣe Rí Lójú Títì Òṣogbo

Àpótí kékeré kan ni à ń yẹ̀ wò níbí, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ ọkọ̀ kó lè máa sọ bí ọkọ̀ ṣe ń sáré tó, bí orí rẹ̀ ṣe ń yí, bó ṣe ń dẹ̀gbẹ́, àti irú ojú ọ̀nà tí táyà ń tẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ tó ń wa ara rẹ̀ ní Amẹ́ríkà àti Jámánì ò lè ṣe kó máà sí irú ìṣirò yìí, torí kọ̀ǹpútà tí kò bá mọ bí ọkọ̀ ṣe ń rìn ò lè darí rẹ̀. Ní Òṣogbo níbí, àwọn tó lè rí i lò ni àwọn tó ní ọkọ̀ èrò púpọ̀, àwọn tó ń ṣe máàpù ojú ọ̀nà, àtàwọn tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ẹnjiníà. Ká má fi ọ̀rọ̀ falẹ̀: ó mọ ìrìn ọkọ̀ dáadáa, ó mọ gbágungbàgun ọ̀nà níwọ̀nba, ṣùgbọ́n tó bá ní ọ̀nà ò yọ̀, ẹ má gbà á gbọ́.

Nínú páálí, ẹ máa bá àpótí fúnra rẹ̀, áńtẹ́nà tó ní mágínẹ́ẹ̀tì nídìí, wáyà tó ń wọ ihò OBD (ihò tí rẹwáyà máa ń ki ẹ̀rọ bọ̀ láti yẹ ọkọ̀ wò) lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, àti áàpù fún fóònù. Sẹ́ńsọ̀ mẹ́ta ló ń wọn bí ọkọ̀ ṣe ń jù síwájú, sẹ́gbẹ̀ẹ́ àti sókè. Mẹ́ta mìíràn ń wọn bó ṣe ń yí. GPS rẹ̀, tó ń fi sátẹ́láìtì mọ ibi tí ọkọ̀ wà, ń gba ìgbì méjì, L1 (1575.42 MHz) àti L5 (1176.45 MHz). Ìgbà 100 ni sẹ́ńsọ̀ ń ka ọ̀nà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ohun tó sì yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á nìyẹn, kì í ṣe àwọ̀ àpótí. Ọkọ̀ tó ń sáré 40 km/h ń lọ mítà 11 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà, sẹ̀ǹtímítà 11 sí 11 ni àpótí yìí ń ka ilẹ̀. Èyí tó bá ń kà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá péré á ti fo mítà kan kọjá kó tó tún kà, kòtò tó lè tẹ ríìmù á sì bọ́ sáàárín láìjẹ́ pé ó rí i. A ò ní kọ iye owó rẹ̀ síbí, torí dọ́là kì í dúró lójú kan.

Ibi tí wọ́n bá gbé e sí ló máa ń kọ́kọ́ ba iṣẹ́ jẹ́. Ìwé tó bá a wá ní kẹ́ ẹ fi gọ́ọ̀mù olójú méjì lẹ̀ ẹ́ mọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Oòrùn ọ̀sán á yọ́ gọ́ọ̀mù náà, dáṣíbọ́ọ̀dù oníke á sì máa gbọ̀n fúnra rẹ̀, ẹ máa wá rò pé ọ̀nà ló ń gbọ̀n. Ẹ wá irin ilẹ̀ ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ háńdì bírékì, kẹ́ ẹ fi bóòtù dè é mọ́ ọn, kí àmì ọfà ojú rẹ̀ kọjú síwájú gan-an. Bó bá fi dígírì kan péré tẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn láìjẹ́ pé áàpù mọ̀, òòfà ilẹ̀, tó jẹ́ 9.81 m/s², á yọ́ 0.17 wọ inú ìṣirò bí ẹni pé ọkọ̀ ń fi kún eré. Bí GPS bá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 10, irọ́ kékeré yẹn á ti di 1.7 m/s, àpótí á sì ti fi mítà mẹ́jọ ààbọ̀ ṣì ibi tí ọkọ̀ wà.

Áńtẹ́nà ní tirẹ̀, àárín òrùlé ọkọ̀ ló dára sí. Bọ́ọ̀sì tó ń di ẹrù sórí ò ní rí i lò dáadáa, torí ẹrù á bo sátẹ́láìtì mọ́ ọn lójú. Ẹ fi téèpù wọn ìjìnnà láti àpótí dé áńtẹ́nà, àti láti àpótí dé àárín ìdí táyà ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú áàpù ní sẹ̀ǹtímítà. Ọ̀pọ̀ ló ń fi òdo sílẹ̀ níbẹ̀. Tí ọkọ̀ bá ń yí dígírì 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bó ṣe máa ń rí ní ráńdábáòtù, ààbọ̀ mítà tẹ́ ẹ fi ṣì í á di àṣìṣe 0.26 m/s lórí eré.

Lẹ́yìn èyí ni kẹ́ ẹ tó kọ́ ọ ní ìrìn. Ẹ tan ọkọ̀, ẹ jẹ́ kó dúró jẹ́ẹ́ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, kí sẹ́ńsọ̀ gbóná díẹ̀, kí áàpù sì mọ iye tó ń kà nígbà tí ohunkóhun ò mì. Kí ẹnikẹ́ni má ṣílẹ̀kùn, kí ẹnikẹ́ni má wọlé jókòó. Lẹ́yìn náà, ẹ wà á tààrà ní bí 50 km/h níbi tí ojú ọ̀run ti ṣí sílẹ̀. Ọ̀nà Gbọ̀ngán láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú dára fún un. Ẹ yà sọ́tùn-ún, ẹ yà sósì, ẹ tẹ bírékì, ẹ tún sáré, títí àmì ojú áàpù á fi di àwọ̀ ewé. Tí wọ́n bá tú àpótí kúrò láti túnlẹ̀ ọkọ̀ ṣe, ẹ tún un bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Abẹ́ afárá Ọláìyá ló dáa láti dán an wò. GPS fóònù lásán máa ń fò síbí fò sọ́hùn-ún níbẹ̀, nígbà mìíràn á gbé yín sórí afárá nígbà tẹ́ ẹ wà nísàlẹ̀. Àpótí tí wọ́n so dáadáa, tó sì ń ka eré táyà, á tẹ̀ lé ojú ọ̀nà wẹ́rẹ́ títí yóò fi jáde. Èyí tí a gbóríyìn fún jù nìyẹn. Ìṣòro GPS tó kù, alẹ́ ló ń dé. Ìlà tó pín agbára mágínẹ́ẹ̀tì ayé sí méjì (magnetic equator) ò jìnnà sí wa níbí, torí náà, lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, pàápàá ní àyíká oṣù Kẹta àti oṣù Kẹsàn-án, áyónósífíà, ìpele òkè tí ìgbì sátẹ́láìtì ń gbà kọjá, máa ń dàrú, ìgbì sátẹ́láìtì á sì máa gbọ̀n. Kì í ṣe pé àpótí bàjẹ́. Iṣẹ́ tó bá nílò kó péye, ọ̀sán ni kẹ́ ẹ ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí táyà, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ dúró lé. Wáyà OBD ń gba CAN, ọ̀nà tí àwọn kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, ní ẹsẹ̀ (pin) 6 àti 14, iná bátìrì sì ń wá láti ẹsẹ̀ 16. Ọkọ̀ tokunbọ̀ mìíràn wà tí wọ́n ti gé ọ̀kan nínú wọn nígbà tí wọ́n ń so àláàmù. Ẹ jẹ́ kí rẹwáyà fi mítà yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó máa bínú sí àpótí. Eré tí ìlànà OBD ń fúnni, nọ́ńbà odidi ni, 40 tàbí 41, kò sí ohun tó wà láàárín. Ìyẹn ò tó. Eré táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti ABS, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí bírékì ti táyà pa, lẹ ń wá. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota tó jáde láti bí 2017, ìfiránṣẹ́ CAN tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 0xAA ló ń gbé e: bí ọkọ̀ bá dúró, ẹ máa rí 1A 6F lẹ́ẹ̀mẹ́rin lẹ́sẹẹsẹ. Nínú ìṣirò kọ̀ǹpútà tó ń ka mẹ́rìndínlógún-mẹ́rìndínlógún (hexadecimal), ìyẹn jẹ́ 6767. Ẹ fi 0.01 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ yọ 67.67, ó di òdo. Bí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ń sọ nǹkan mìíràn nígbà tí ọkọ̀ dúró, sẹ́ńsọ̀ ABS ìdí táyà yẹn ni kẹ́ ẹ lọ wò.

Àyíká táyà 195/65R15 jẹ́ mítà 1.99. Bí fọgaláísà bá ti fi 185/65R15 rọ́pò rẹ̀, àyíká á fi ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún kéré, ẹ̀rọ á sì máa fi bíi kìlómítà méjì kún gbogbo 100 km tẹ́ ẹ bá rìn. Kódà táyà kan náà, tí eyín rẹ̀ bá jẹ láti mìlímítà 8 dé 1.6, á fẹ́rẹ̀ẹ́ mú irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ wá. Áàpù lè fi GPS tún èyí ṣe lójú ọ̀nà tààrà, ó sì ń ṣe é dáadáa, bí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jọra.

Ibi tí wọn ò bá ti jọra ni ìṣirò yíyọ̀ ti ń forí ṣánpọ́n. Ohun tí àpótí ń ṣe ni pé ó ń fi eré táyà iwájú tí ẹ́ńjìnì ń yí wé ti ẹ̀yìn tó kàn ń tẹ̀ lé e. Fredrik Gustafsson kọ nípa irú ọ̀nà yìí ní 1997, ìmọ̀ tó jinlẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tó ń wá kì í sábà pé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún téèyàn bá ń wakọ̀ jẹ́jẹ́. Ọkọ̀ tó wọ táyà tuntun níwájú, tó wọ tokunbọ̀ tó ti jẹ lẹ́yìn, ti ní ìyàtọ̀ tó ju ìyẹn lọ kó tó kúrò nílé. Ohun kejì ni pé ẹni tí kò tẹ bírékì tàbí tọ́tù gidi ò lè mọ ibi tí agbára ìdìmú táyà pin sí. A rí i tí ojú áàpù jẹ́ àwọ̀ ewé lórí ọ̀dà tí iyẹ̀pẹ̀ pupa àti òjò àkọ́rọ̀ ti sọ di ọbẹ̀ ilá. Lórí ọ̀dà gbígbẹ tí ìdìmú rẹ̀ jẹ́ 0.8 (bí nọ́ńbà yìí bá ṣe kéré tó ni ọ̀nà ṣe ń yọ̀ tó), ọkọ̀ tó ń sáré 60 km/h á fi bíi mítà 18 dúró. Tó bá di 0.4, mítà 35 ni. Ẹ̀rọ tó bá ṣi irú èyí sọ, kó kúkú dákẹ́.

Ní ti gbágungbàgun, IRI (International Roughness Index) ni áàpù ń fi hàn, ìwọ̀n gbágungbàgun ọ̀nà tó jáde látinú iṣẹ́ tí Báńkì Àgbáyé ṣe ní Brazil ní 1982, mítà fún kìlómítà kan. Wọ́n ṣètò rẹ̀ fún ọkọ̀ tó ń sáré 80 km/h. Nínú gosúlò Ọjà Ọba, iye tó ń gbé jáde ò nítumọ̀. Ẹ sọ fún áàpù kó ju gbogbo ohun tó bá kà lábẹ́ 25 km/h nù. Ṣọ́ọ̀kì tó ti kú á sọ ọ̀nà dídán di búburú. Ojú irin tó la ìlú kọjá á sì máa hàn bíi kòtò lójoojúmọ́. Ẹ fọwọ́ sàmì sí i kó má baà dà yín láàmú. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá nọ́ńbà náà jẹ́ òótọ́ lè ní kí wẹ́dà ṣe MERLIN, ohun èlò irin tí gbọọrọ rẹ̀ jẹ́ mítà 1.8, tí èèyàn ń fọwọ́ tì lọ bó ṣe ń rìn. Ẹ ka 200 ìgbà lórí ọ̀nà kan, ẹ wọn fífẹ̀ àwọn àmì tẹ́ ẹ ti fi sínú ìwé rẹ̀ ní mìlímítà lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti yọ àmì mẹ́wàá kúrò lápá kọ̀ọ̀kan, ẹ fi 0.0471 sọ ọ́ di púpọ̀, kẹ́ ẹ fi 0.593 kún un, IRI ọ̀nà náà nìyẹn.

Ohun kan wà tí àwọn tó ṣe àpótí yìí ò rò. Kòtò tó burú jù kì í hàn nínú ìgbọ̀nrìrì, torí awakọ̀ kòròpé tó mọ ọ̀nà ò ní kó sínú rẹ̀ láé. Ẹ wo yíyí orí ọkọ̀ dípò rẹ̀: ó yà sósì, ó padà sọ́tùn-ún, ó tún ara rẹ̀ tò, láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Bí ọkọ̀ mẹ́rin márùn-ún bá ṣe bẹ́ẹ̀ níbì kan náà, kòtò wà níbẹ̀, bí ìlà tó ń fi ìgbọ̀nrìrì sókè-sódò hàn lójú áàpù tiẹ̀ tẹ́jú bí àwo.

Ìfiránṣẹ́ ló kù. Ní Amẹ́ríkà, ìlànà J2735 ti SAE, ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà ọkọ̀, ló ṣètò ìfiránṣẹ́ tí ọkọ̀ fi ń sọ ibi tó wà àti bó ṣe ń rìn fún ọkọ̀ ìtòsí, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, lórí ìgbì 5.9 GHz. Síìmù 4G ni tiwa ń lò, ó sì ń pẹ́. Ní 60 km/h, ìdádúró 200 ms ti di mítà mẹ́ta lé díẹ̀, nítorí náà, aago GPS ni kẹ́ ẹ ní kó lẹ̀ mọ́ ìfiránṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe aago fóònù. Ẹ má ní kó máa fi gbogbo ohun tó ń kà ránṣẹ́: sẹ́ńsọ̀ mẹ́fà nìkan á jẹ tó 8.6 MB ní wákàtí kan. Kòtò àti bírékì líle nìkan ti tó. Ìyókù lè dúró lórí káàdì ìrántí inú àpótí títí ọkọ̀ á fi dé ibi tí Wi-Fi wà. Kẹ́ ẹ sì rí i pé ó ń sùn tẹ́ ẹ bá pa ọkọ̀, torí 200 mA tó ń fà á ti kó bíi 34 Ah nínú bátìrì láàárín ọ̀sẹ̀ kan, bátìrì 45 Ah ò ní lè ta ẹ́ńjìnì mọ́.