Òrùka dáyámọ́ńdì tí mo rà ní Yellowknife

Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Yellowknife, lápá àríwá Kánádà, ni mo ti ra òrùka yìí fún ìyàwó mi. Òkúta rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ó mọ́ gaara, ó sì ń kọ mànà. Wọ́n fi iná lésà kọ nọ́ńbà sí i létí. Àfi kéèyàn fi awò wò ó. Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sọ pé ibi ìwakùsà dáyámọ́ńdì Diavik ni wọ́n ti hú u jáde, níbi adágún Lac de Gras, nǹkan bí 300 kìlómítà sí ìlú. Orí omi tó dì ni ọkọ̀ ẹrù ń gbà débẹ̀, bí oṣù méjì péré lọ́dún.

Obìnrin Tłı̨chǫ (ẹ̀yà onílẹ̀ kan lágbègbè náà) tó tà á fún mi ló wú mi lórí jù. Ó ní àwọn ẹbí òun ń ṣiṣẹ́ níbi ìwakùsà náà, ọ̀sẹ̀ méjì níbẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì nílé. Ó tún sọ̀rọ̀ nípa caribou, ẹran ìgbẹ́ tí àwọn baba ńlá wọn ń pa jẹ: agbo wọn kan tí wọ́n ń pè ní Bathurst, tó ju 400,000 lọ ní 1986 ti dín kù sí nǹkan bí 8,000 ní 2018. Kò di gbogbo ẹ̀bi ru ìwakùsà, kò sì fi nǹkan kan pamọ́ fún mi. Irú òǹtajà bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Òrùka náà wọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n màá tún rà níbẹ̀. Kí wọ́n ṣáà wá àpótí gidi fún un. Páálí lásán ni wọ́n fi dì í.