Jíìpù 4Runner ọdún 2012 nílé wa ní Ẹ̀pẹ́: ẹ yẹ abẹ́ rẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó

Ọ̀pọ̀ jíìpù tí wọ́n ń tà fún wa ní fọ́ọ̀-wíìlì (èyí tí ẹ́ńjìnnì lè yí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀), ẹsẹ̀ méjì péré ni ẹ́ńjìnnì ń yí lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ, torí òun ló gbà wá lákòókò jù kí a tó ra èyí tí à ń lò báyìí: Toyota 4Runner ọdún 2012, ẹ̀dà tí wọ́n ń pè ní SR5, tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà. Ẹ̀pẹ́ là ń gbé, ní Òkè Balógun. Ọmọ mẹ́rin ló wà nílé, ìyá ọkọ mi wà pẹ̀lú wa, oko ẹ̀gẹ́ wa sì wà lápá Èjìnrìn, níbi tí ọ̀dà ti máa ń tán kí èèyàn tó yà wọlé. Ìdílé tó fẹ́ràn ìrìn àjò sì ni wá. Bí ilé-ìwé bá ti gba ìsinmi, àwọn ọmọ á ti máa bèèrè pé ibo ló kàn: ìsun omi gbígbóná Ìkọ́gòsì ni, àbí òkè Ìdànrè, àbí omi Olúmirin tó ń já ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Ọkọ̀ kan náà ló gbọ́dọ̀ ṣe gbogbo rẹ̀. A ò lówó ọkọ̀ méjì.

Dádì àwọn ọmọ ti ní tiẹ̀ lọ́kàn, Lexus GX 460. N ò bá a wí. Ẹ́ńjìnnì V8 oní lítà 4.6, àga ìlà mẹ́ta, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń fà nígbà gbogbo láìjẹ́ pé èèyàn tẹ ohunkóhun, àti orúkọ Lexus níwájú ilé. Ẹbí kan náà ni GX, Toyota Prado àti 4Runner. Orí irú ṣáàsì kan náà, ìyẹn irin gbọọrọ abẹ́ ọkọ̀ tó gbé gbogbo rẹ̀ dúró, ni wọ́n kọ́ wọn lé. Ìbéèrè tí mo bi ọkọ mi kò ju ẹyọ kan lọ: "Dádì, ta ni yóò máa rọ epo sí i?" Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, ilé wo ni wọn kì í ti í ṣírò kí wọ́n tó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀?

Toyota Highlander ló wu èmi. Ó rọrùn láti wọ̀, ó sì rọ̀ lójú ọ̀dà. Ṣùgbọ́n bọ́dì rẹ̀ àti abẹ́ rẹ̀ ẹyọ kan ni. Kò ní ṣáàsì lọ́tọ̀, kò sì ní gíà ìsàlẹ̀ tó ń fa ọkọ̀ jáde nínú ẹrẹ̀. Nissan Pathfinder náà rí bẹ́ẹ̀ láti ti ọdún 2013. Ti 2005 sí 2012 ló ní ṣáàsì. Ẹni tó jẹ́ pé Ajah sí Ẹ̀pẹ́ ni gbogbo ìrìn rẹ̀, èyí kò ní pa á lára, ó tilẹ̀ sàn fún un bẹ́ẹ̀. Àwa ń kó ẹ̀gẹ́ jáde lóko nígbà òjò.

Ibi tí owó ti máa ń ṣòfò ni àyẹ̀wò, ẹ jẹ́ kí n fẹsẹ̀ balẹ̀ níbẹ̀. Oríṣi 4Runner méjì ni wọ́n tà ní Amẹ́ríkà: èyí tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ń tì, àti èyí tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè ṣiṣẹ́. Lójú, ìkan náà ni wọ́n. Àmì 4x4 tí ẹ bá rí lẹ́yìn rẹ̀ kò jẹ́rìí ohunkóhun, ó wà lọ́jà, ẹni tó bá wù ú lè rà á kó lẹ̀ ẹ́. Nọ́ńbà ṣáàsì ni kí ẹ wò, ó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú lọ́wọ́ òsì awakọ̀. Fún 4Runner ọdún 2012 bíi tiwa, bí nọ́ńbà náà bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú JTEBU, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni. Bí ó bá jẹ́ JTEZU, ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni. Lẹ́tà kẹrin yẹn ni kí ẹ tẹjú mọ́. Ẹ wá wo inú ọkọ̀: SR5 ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ní ọ̀pá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá gíà, wọ́n kọ H2, H4 àti L4 sí i lórí. Limited, ẹ̀dà 4Runner mìíràn, kò ní ọ̀pá, bọ́tìnnì tí wọ́n ń yí ló ní, torí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń ṣiṣẹ́ nígbà gbogbo lára tiẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kí mẹkáníìkì dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀. Bí kò bá rí pùròpẹ́là (ọ̀pá irin gígùn tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí ẹsẹ̀) tó lọ síwájú, ẹ máa lọ sílé yín.

Ọ̀kan tí a lọ wò lápá Ajah, ọ̀gbẹ́ni tó ń tà á ń pariwo, "Mọ́mì, fọ́ọ̀-wíìlì gidi ni o, ó ń gun òkè!" JTEZU ni mo rí lábẹ́ gíláàsì. Mo bi í pé òkè wo ló gùn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n ṣáà sọ iye tí mo mú wá.

Abẹ́ kan náà lẹ ti máa rí ìpẹtà. Ní àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà tí yìnyín ti ń bọ́, bíi New York àti Michigan, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì kí yìnyín lè yọ́, iyọ̀ yẹn ló ń jẹ ṣáàsì. Èèyàn lè kun bọ́dì kó máa dán gbinrin, ṣáàsì tó ti jẹ kì í ṣe ohun tí ọ̀dà lè wò sàn. Òòlù kékeré ni mẹkáníìkì wa fi ń gbá a láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó ń tẹ́tí. Ó ní ibi tí irin bá ti dún bíi páànù ògbólógbòó, kí a má dúró gbọ́ iye tí wọ́n fẹ́ tà á.

Bí ọkọ̀ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Lójú ọ̀dà, H2 ló ń wà, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ló ń tì í. Àwọn kan máa ń fà á sí H4, ìyẹn ẹsẹ̀ mẹ́rin, lójú márosẹ̀ Lẹ́kì sí Ẹ̀pẹ́ kí ọkọ̀ lè "dúró dáadáa". Ẹ má dán an wò lórí ọ̀dà gbígbẹ. Bí ọkọ̀ bá ń yà, ẹsẹ̀ iwájú máa ń rìn jìnnà ju ti ẹ̀yìn lọ. Jíìpù tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nígbà gbogbo ní dífù kan láàárín tó ń yanjú ìyàtọ̀ yẹn, SR5 kò ní in. Lórí ilẹ̀ tó rọ̀, táyà á yọ̀ díẹ̀, ìjà parí. Lórí ọ̀dà tó di táyà mú, irin á máa bá irin jà lábẹ́ títí ohun olówó ńlá á fi kán. Ìdí nìyí tí GX àti Limited fi tẹ́ àwọn tí kò fẹ́ ronú lọ́rùn, mi ò sì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ẹni tó ní ọmọ mẹ́rin tó ń jà lẹ́yìn ọkọ̀ kì í fẹ́ ronú kún un. Síbẹ̀ mo fẹ́ràn ọ̀pá mi. Mo mọ ìgbà tó wọlé, ọwọ́ mi ló fà á.

L4, ìyẹn gíà ìsàlẹ̀, ni agbára ọkọ̀ yìí wà. Ẹ ó dúró jẹ́ẹ́, ẹ ó fi gíà sí N, ẹ ó wá fà á. Agbára tó ń dé ẹsẹ̀ á di bí ìlọ́po méjì àtààbọ̀, eré á sì dín kù bẹ́ẹ̀ náà, ọkọ̀ á máa rá pálá lọ. Òun la fi wọ igbó Ọmọ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, igbó ìjọba tó ti wà láti 1925. Láti Ẹ̀pẹ́, ẹ gba Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ bọ́ sí títì Ṣàgámù sí Benin, kí ẹ tó yà sápá J4, abúlé kan nínú igbó náà. Erin ṣì wà nínú igbó náà. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ọkọ̀ agégẹdú sì ti gbẹ́ ojú ọ̀nà di kòtò jíjìn méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Abẹ́ 4Runner ga tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 24 sílẹ̀, kò kan ebè àárín ọ̀nà. Ní ibì kan tí ẹsẹ̀ kan ti ń yí lásán nínú ẹrẹ̀, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ fi bíréèkì mú ẹsẹ̀ náà, ó darí agbára sí èyí tó tẹ ilẹ̀; A-TRAC ni wọ́n ń pe iṣẹ́ yẹn, ariwo rẹ̀ á dún lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, ẹ má jáyà. A ò rí erin o. Ìgbẹ́ rẹ̀ la rí, àwọn ọmọ sì ń ròyìn ìgbẹ́ ọ̀hún fún gbogbo àlejò di òní.

Yanrìn etíkun yàtọ̀ sí ẹrẹ̀. Ní Ẹlẹ́kọ, kì í ṣe ọ̀pá gíà ló kọ́kọ́ ṣe pàtàkì, táyà ni. Ẹ jò wọ́n láti bíi PSI 32 (òṣùwọ̀n afẹ́fẹ́ inú táyà) sọ̀kalẹ̀ sí 20, kí wọ́n lè tẹ́ sílẹ̀ dípò kí wọ́n máa wa ilẹ̀. Ẹ mú pọ́ǹpù dání, torí bí ẹ bá fi táyà rírọ̀ bẹ́ẹ̀ sáré padà lórí ọ̀dà, gbígbóná ni yóò máa gbóná títí yóò fi bẹ́. Ìwé ọkọ̀ tún sọ pé kí a máa wà á lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin tó nǹkan bíi kìlómítà 16 lóṣooṣù kí epo lè dé ara àwọn irin iwájú. Ọ̀nà oko Èjìnrìn bá wa yanjú ìyẹn.

Ohun kan tí àwọn onífọ́ọ̀-wíìlì máa ń gbàgbé: ẹsẹ̀ mẹ́rin ń ran ọkọ̀ lọ́wọ́ láti lọ ni, kì í ràn án lọ́wọ́ láti dúró. Ọkọ̀ tó wúwo tó nǹkan bíi kílò 2,100 ni, ó ga, ó sì máa ń fì bí ẹ bá yà lójijì. Lójú ọ̀nà tiwa yìí, tí tírélà ń wọ́ lọ wọ́ bọ̀ nítorí rìfáínárì Dangote ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kì, mo máa ń fi àyè púpọ̀ sílẹ̀ níwájú mi, káwọn kòrópè máa wọ̀ ọ́ bó ṣe wù wọ́n.

Ní ti ìdílé, kì í ṣe gbogbo SR5 ló ní àga ìlà kẹta, ẹni tó kọ́kọ́ rà á ní Amẹ́ríkà ló ń yàn án. Tiwa ní in, ó gba èèyàn méje, ṣùgbọ́n ọmọdé ni wọ́n ṣe ẹ̀yìn yẹn fún. Bí àga náà bá sì wà lókè, bọ́ọ̀tù tó kù kò ju ti àpò ìrẹsì kan àti kúlà lọ, ẹrù yòókù di orí ọkọ̀. Nígbà ọdún Káyókáyó ní Ẹ̀pẹ́ tí àwọn ẹbí ya dé láti Èkó, àbúrò ọkọ mi tó sanra jù ni àwọn ọmọ tì sẹ́yìn. A ò tíì kúrò ní àdúgbò tó fi ní kí a sọ òun kalẹ̀, òun á wọ kòrópè.

Màmá ò fẹ́ràn ọkọ̀ yìí rárá. "Ìyàwó mi, ṣé òkè la fẹ́ gùn ni?" ló ń sọ nígbà gbogbo tí wọ́n bá fẹ́ wọ̀ ọ́. Wẹ́dà bá wa jó irin ìtẹ̀sẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó dín ìrora wọn kù, kò tán an. Bí àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn bá wà nílé yín, ẹ mú wọn dání lọ síbi tí ẹ ti fẹ́ ra ọkọ̀. Àwa ò ṣe bẹ́ẹ̀ torí oko ló jẹ wá lógún, ó ṣì yẹ kí ẹ mọ̀ pé Prado àti GX náà ga.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù, ẹnu kì í sábàá kàn án: gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀ ń wọlẹ̀ pátápátá, bọ́tìnnì lẹ ó tẹ̀. Ẹni tó bá ti ra ẹja ní ọjà Olúwo tó ń gbé e lọ fún àna ní Ìbàdàn á mọ iyì afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n ìgbà tí a bá dúró ni mo ń ṣí i. Bí ọkọ̀ bá ń lọ tí òun nìkan wà ní ṣíṣí, èéfín sàlẹ́ńsà máa ń fà wọlé, irú èéfín bẹ́ẹ̀ sì lè pa èèyàn.

Epo ńkọ́? Ó ń mu. V6 lítà 4.0 ni, agbára ẹṣin 270, gíà márùn-ún péré. Ìṣirò àwọn ará Amẹ́ríkà fi í sí nǹkan bíi lítà 14 fún kìlómítà 100 nínú ìlú, àti bíi 11 sí 12 lójú ọ̀nà tó já geere. Kò yàtọ̀ púpọ̀ lọ́wọ́ wa, àfi bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ajah bá mú wa, ìgbà yẹn èmi ò wo géèjì mọ́. Táńkì rẹ̀ gba lítà 87, ẹ fi iye tí wọ́n ń ta lítà lọ́dọ̀ yín ṣe é ní ìlọ́po. Ibi tó ti ń san án padà ni ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì: ṣéènì ló ń yí ẹ́ńjìnnì náà, kì í ṣe bẹ́líìtì tí à á máa pààrọ̀, Prado V6 náà sì lo irú ẹ́ńjìnnì yẹn, nítorí náà páàtì rẹ̀ kò wọ́n lójú ọjà. Búúṣì àti ṣọ́kù iwájú ni ọ̀nà wa ń jẹ. Ní ọdún 2014 wọ́n yí ojú 4Runner padà, ẹ́ńjìnnì àti gíà kan náà ló sì wà nínú rẹ̀ títí dé 2024. Owó gegele tí wọ́n ń lé lórí ti 2014, owó ojú ni.

Táyà ló kù. 265/70R17 ni ti SR5, ó tóbi, ó sì wọ́n, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ta tòkunbọ̀ rẹ̀ fúnni. Ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn DOT lára rọ́bà náà: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì ìkẹyìn ni ọdún. Fọkanáísà kan gbé mẹ́rin wá fún wa tó ń dán bíi tuntun, ó ti fi ìpara dúdú kùn wọ́n. 1114 ló wà lára gbogbo wọn, ọ̀sẹ̀ kọkànlá ọdún 2014. Dádì wọn ní kó máa gbé e lọ.