Mo san 60 dọ́là fún REAPER, odidi ni wọ́n fún mi

Olùkọ́ ìṣirò ni mí ní Kubwa, l'Ábújá níbí. Bó bá di Sátidé, màá gbé máìkì kalẹ̀ fún Màámi kí wọ́n máa ki oríkì ilé wa, kí n sì gbà á sílẹ̀. N kì í tà á o. Àwọn àbúrò mi tó wà ní Ìbàdàn àti Kaduna ni mo ń fi ránṣẹ́ sí.

Sọ́fítíwíà ìgbohùnsílẹ̀ tí mo fi bẹ̀rẹ̀, oṣooṣù ni wọ́n ń yọ owó rẹ̀ nínú káàdì mi, iye dọ́là ni wọ́n sì fi lé e. Kí wọ́n tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023, dọ́là kan kò tó 500 náírà ní báńkì. Ní 2024 ó ti kọjá 1,500. Lóṣù tí owó kò pé nínú àkáǹtì mi, wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ mi. Gbogbo bí mo ṣe to ohùn ìyá mi wà nínú kọ̀ǹpútà tèmi, n kò lè ṣí i. Ó dùn mí dé egungun.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ní sítúdíò ní Nyanya, tó ń ṣe ìpolówó ọjà fún rédíò, ló bi mí pé, “Àbúrò, kí ló dé tó ò lo REAPER?” Sọ́fítíwíà tí a fi ń gba ohùn sílẹ̀, tí a sì fi ń tò ó, lòun náà. Cockos ló ṣe é, ilé iṣẹ́ Justin Frankel tó ṣe Winamp tí a fi ń gbọ́ orin láyé ọjọ́sí. Ọjọ́ 60 ni wọ́n fún ni láti dán an wò lọ́fẹ̀ẹ́. Bó bá pé, kò ní kú mọ́ ọ lọ́wọ́. Á kàn máa rán ọ létí owó náà fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ bó o bá ṣí i.

Iye méjì ló wà nígbà tí mo rà á: 60 dọ́là àti 225. Sọ́fítíwíà kan náà ni. Ẹni tó ń lò ó fún ara rẹ̀ á san 60. Ẹni tó ń fi ṣòwò pàápàá, bí gbogbo owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò bá ju 20,000 dọ́là lọ, 60 náà ni. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀ ní 1,500: 30 mílíọ̀nù náírà nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n kì í rí tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún, nítorí náà 60 làwọn náà san, láìpurọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nìyí. Níbòmíì, bó o bá ra ti olówó kékeré, wọ́n á ti gé e lápá, gé e lẹ́sẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Màámi ṣẹ̀ṣẹ̀ dé orí oríkì bàbá wọn ni wọ́n múná lọ, aládùúgbò sì tan jẹnẹrétọ̀. N kò lè ní kí wọ́n tún un kì; omi ti lé sí wọn lójú. Mo wá ibi tí wọ́n ti dákẹ́ díẹ̀ láti mí, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré, tó jẹ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ nìkan. Mo ṣí ReaFIR, irinṣẹ́ kan nínú REAPER, mo yan Subtract (ìyọkúrò), mo jẹ́ kó mọ ariwo yẹn dáadáa, kó wá yọ ọ́ kúrò nínú ìyókù. Ariwo rọlẹ̀, ohùn Màámi kù. Ibi tí mo ti yọ ọ́ jù ló dún bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nínú agolo.

Ojú rẹ̀ kò fani mọ́ra, ohun tí wọ́n kó síbẹ̀ sì pọ̀ débi tí orí mi fi dàrú lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ń wá ìlù tí wọ́n ti lù sílẹ̀ kò ní rí i níbẹ̀. Ẹjọ́ tí mo ní gan-an ni pé 60 dọ́là tí ará London ń san ni ará Kubwa ń san. 90,000 náírà ni lọ́wọ́ wa, nígbà tí owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba fọwọ́ sí ní 2024 jẹ́ 70,000. Ìyẹn ò tíì dọ́gba.

Oṣù mẹ́rin ni mo fi kó owó náà jọ. Ẹ̀dà 7 ni mo rà, á sì gbé mi la ẹ̀dà 8 já láìsan kọ́bọ̀ mọ́. Ní Sátidé tó kọjá, Màámi ki ti ìyá wọn fún ìṣẹ́jú 41. N kò tíì gé nǹkan kan nínú rẹ̀.